Lílọ sí Emirates lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù: ọ̀nà tó yá, àti èyí tó jọ pé ó yá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àǹtí mi balẹ̀ sí Heathrow láti Ìbàdàn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Arsenal máa gbá bọ́ọ̀lù, tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì wà lọ́wọ́ mi. Láti ayé Kanu, ìyẹn láti 1999 tó wọ ẹgbẹ́ náà, ni àǹtí mi ti ń ṣe Arsenal, ṣùgbọ́n wọn ò fojú kan Emirates, pápá ẹgbẹ́ náà ní London, rí. Mo wo máàpù, mo rí i pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Piccadilly ń gbéra ní Heathrow, pé kò sídìí láti wọ òmíràn lójú ọ̀nà, àti pé ó máa ń dúró ní ibùdókọ̀ tí wọ́n kọ ARSENAL gàdàgbà sí lára. Mo ní ká kúkú máa lọ tààrà.

Ọkọ̀ gbé wa dé láìsí ìyọnu. Ẹnu géètì ni ìyọnu wà. Àpótí àǹtí mi tóbi ju èyí tí wọ́n ń gbà wọlé lọ, a ò sì rí ẹni tó máa bá wa tọ́jú rẹ̀ nítòsí. A tún wọkọ̀ padà sí King's Cross, a sanwó kí wọ́n bá wa gbé àpótí pamọ́, ká tó padà dé, ààbọ̀ àkọ́kọ́ ti ń parí lọ. Àǹtí mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n di àga iwájú mú, wọn ò gbójú kúrò lórí pápá mọ́. Ó dùn mí pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pàdánù ogójì ìṣẹ́jú nínú ohun tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá.

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé dídé pápá ọ̀tọ̀, wíwọlé ọ̀tọ̀, pípadà sílé náà ọ̀tọ̀. Yálà Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, tàbí Manchester, tàbí Peckham níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ náà dájú

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún ìdíje kì í sábà dúró. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń yan èyí tí wọ́n fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù Sátidé á wá di ti Sọ́ńdè, tàbí ti alẹ́ Mọ́ńdè. Àwọn aago tó wọ́pọ̀ ni 12:30, 3:00 àti 5:30 ní Sátidé, pẹ̀lú 2:00 àti 4:30 ní Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ń wọ bàálù bọ̀, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà kí wọ́n tó fìdí ọjọ́ múlẹ̀. Tó bá sì di dandan, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ fi méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti aago méjì Sọ́ńdè, ẹ gbà pé ẹ ò ní bá wọn parí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá dúró gba oore-ọ̀fẹ́ ní Thamesmead ní aago kan kò lè bá ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ní Holloway, àdúgbò pápá.

Tíkẹ́ẹ̀tì, àti fóònù tó gbé e

Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ni Arsenal ń kọ́kọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, agbára káká sì ni ó fi máa ń kù fún ẹlòmíràn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní tààrà lórí ojú òpó ẹgbẹ́ náà. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí kò ní lè wá ti ń dá àyè wọn padà kí ẹlòmíràn rà á, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá sún mọ́ yín níwájú ibùdókọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ní méjì lọ́wọ́, ẹ kọjá lára rẹ̀. Láti 1994 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgbàṣẹ. Tí wọ́n bá ta ayédèrú fún yín, owó yín ti lọ nìyẹn.

Fún ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ, pàápàá tó bá máa mú ọmọ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni mo máa ń dábàá. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn ọkùnrin gan-an, pápá kan náà ni, ọ̀nà kan náà sì ni. Ẹ má rò pé èrò kì í wá síbẹ̀ o. Ní oṣù kejì ọdún 2024, èèyàn 60,160 ló wá wo Arsenal àti Manchester United. Nígbà tí Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní 2016, Borehamwood ni wọ́n ti ń gbá a, ní pápá kékeré kan lẹ́yìn ìlú.

Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wà báyìí. Ẹ gbà á sílẹ̀ nílé, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dán mọ́rán. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá kóra jọ sójú kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà, ẹ ó kàn máa wo àmì kan tó ń yí bírí ni. Ẹ gba iná sí fóònù kó kún. Mo ti rí bàbá kan tí fóònù rẹ̀ kú lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe kù díẹ̀ kó kàn án. Ọmọ rẹ̀ ti wọlé, òun ṣì wà níta, irin géètì wà láàárín wọn, ọmọ náà sì ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jáde láìmú power bank dání. Ẹ mú káàdì báǹkì dání pẹ̀lú, torí wọn kì í gba owó bébà nínú pápá, ì báà ṣe omi lásán lẹ fẹ́ rà.

Ibo ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Ibùdókọ̀ ojú irin márùn-ún ló yí pápá náà ká. Èyí tó sún mọ́ ọn jù kọ́ ló dáa jù.

Ẹ mú ojú kúrò lára méjì. Drayton Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gan-an, ṣùgbọ́n kékeré ni, wọn kì í sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Holloway Road náà sún mọ́ ọn, àmọ́ lift ni wọ́n fi ń gbé èrò gòkè níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn tó ń yí fúnra rẹ̀. Ẹ ro iye èèyàn tí lift lè gbé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi wé èrò pápá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dín lílò rẹ̀ kù ṣáájú bọ́ọ̀lù àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ibùdókọ̀ Arsenal fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan. 1906 ni wọ́n ṣí i, Gillespie Road ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Arsenal kó wá sí Highbury, pápá wọn àtijọ́. Herbert Chapman tó jẹ́ olùkọ́ wọn nígbà náà ló tẹpẹlẹ mọ́ ọn títí wọ́n fi yí orúkọ ibùdókọ̀ náà padà ní 1932. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ara ògiri: orúkọ àtijọ́ yẹn, GILLESPIE ROAD, ṣì wà níbẹ̀ nínú táìlì. Ṣùgbọ́n kò sí lift níbẹ̀, kò sì sí àtẹ̀gùn tó ń yí. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ gígùn kan, tóóró, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni ẹ máa gbà jáde, wọ́n sì fi irin dá a sí méjì kí àwọn tó ń lọ má baà fi ara gbún àwọn tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá já èrò sílẹ̀ tẹ̀léra, ìṣísẹ̀ kan, ìdúró díẹ̀ ni. Orin àwọn èrò á máa dún padà lára ògiri títí tí etí yín á fi kún. Ẹni tó bá dé ní wákàtí méjì ṣáájú bọ́ọ̀lù kò ní rí wàhálà. Ẹni tó bá kù bí ogójì ìṣẹ́jú fún, tàbí tó ń mú àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu dání, kó má gba ibẹ̀.

Finsbury Park ni tèmi. Ibẹ̀ ló tẹ̀ lé Arsenal lórí Piccadilly, ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ Victoria ń dúró níbẹ̀, ọkọ̀ Thameslink àti Great Northern náà ń dúró níbẹ̀, lift sì wà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Èkejì rẹ̀ ni Highbury & Islington, tí Victoria àti Overground ń dúró sí, ìrìn ibẹ̀ náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀ wá sinmi lórí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Láti Brixton, ẹ wọ Victoria níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó ráàyè jókòó, kò sì ní tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti Peckham Rye, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibùdókọ̀ Victoria, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ Victoria láti ibẹ̀. Ẹ̀yin ará Thamesmead àti Woolwich, ẹ wọ ọkọ̀ Elizabeth láti Abbey Wood tàbí Woolwich títí dé Farringdon, ibẹ̀ ni ẹ máa ti wọ Thameslink. Ṣùgbọ́n ẹ ka ibi tó ń lọ lójú pátákó kí ẹ tó wọlé sínú rẹ̀ o! Èyí tó ń lọ sí Cambridge tàbí Peterborough ló ń gba Finsbury Park. Èyí tó ń lọ sí Luton tàbí Bedford á yà gba ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn St Pancras, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi bá ara yín ní Kentish Town. Ẹni tó bá ti Manchester tàbí Birmingham wá, tó sọ̀ ní Euston, ibùdókọ̀ kẹta lórí Victoria ni Finsbury Park. Láti Heathrow, ẹ jókòó sínú Piccadilly yín, ó lé ní wákàtí kan, ẹ kàn má sọ̀ ní Arsenal, ẹ jẹ́ kó gbé yín kọjá ẹyọ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo ojú òpó TfL, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ London. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti ọ̀nà irin pa láti tún un ṣe, Sátidé bọ́ọ̀lù kò sì yọ sílẹ̀. Ní ti owó ọkọ̀, káàdì tàbí fóònù tí ẹ fi wọlé ni kí ẹ fi jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ní tirẹ̀. Tọkọtaya ò lè fi káàdì kan wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé mọ́kànlá kì í sanwó lábẹ́lẹ̀ tó bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó sanwó.

Ẹ má gbé mọ́tò lọ. Àwọn onílé nìkan ló ní àyè láti gúnlẹ̀ ládùúgbò yẹn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ti àwọn títì kan pa, owó ìtanràn ibẹ̀ á sì ju owó ọkọ̀ ojú irin lọ lọ́nà púpọ̀.

Ẹsẹ̀ ló kù

Tí ẹ bá jáde ní Finsbury Park, ẹ béèrè St Thomas's Road, títì tó kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá. Ilé àtijọ́ tó so kọ́ra ló wà lápá méjèèjì, àwọn tó ń ta ìborùn pupa á ti tẹ́ ọjà sórí géètì kéékèèké, òórùn àlùbọ́sà díndín á sì ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹ máa bá èrò lọ títí ẹ ó fi já sí Gillespie Road, kí ẹ yà sí ọ̀tún, kí ẹ kọjá níwájú ibùdókọ̀ Arsenal, ẹ ó sì já sí títì Drayton Park. Afárá méjì wà níbẹ̀ tó gba orí irin kọjá, Ken Friar àti Danny Fiszman ni wọ́n ń jẹ́. Èyíkéyìí nínú wọn máa gbé yín dé ẹsẹ̀ pápá.

Tí ẹ bá ráàyè, kí ẹ tó dé Drayton Park, ẹ yà sí Avenell Road. Ibẹ̀ ni pápá àtijọ́ wà, Highbury, tí Arsenal lò láti 1913 títí di 2006 tí wọ́n kó lọ sí Emirates. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé gbígbé báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò wó iwájú ìlà-oòrùn tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ó ṣì dúró funfun gbòò láàárín ilé àwọn èèyàn, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ lókè rẹ̀. Kanu gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí ò gbọdọ̀ fò ó.

Láti Highbury & Islington, ẹ tẹ̀ lé Holloway Road lọ sí apá àríwá, kí ẹ yà sí ọ̀tún ní Drayton Park. Ó tán.

Ẹ fi àdéhùn sílẹ̀ nípa ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá pínyà, torí ìpè lè má lọ. Ère ni mo máa ń lò. Ti Arsène Wenger, tí wọ́n gbé síta ìhà North Bank ní 2023, rọrùn láti rí. Ẹ má sọ pé “níwájú ṣọ́ọ̀bù”, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́nu géètì

Ó kéré tán, kí ẹ ti wà lẹ́nu géètì ní wákàtí kan ṣáájú. Ìyẹn ni pé fún bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta, kí ẹ ti sọ̀ ní Finsbury Park ní aago kan ààbọ̀, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì kọ nípa ẹnu ọ̀nà yín, torí pápá náà rí róbótó, ẹni tó bá ṣìnà á rìn yí gbogbo rẹ̀ ká.

Báàgì tó bá ju ìwé A4 lọ kò ní wọlé. Ẹ mú ìwé A4 kan, kí ẹ gbé báàgì yín lé e lórí nílé, kí ojú yín rí i. Kúlà ìrẹsì tí ẹ fẹ́ jẹ nígbà ìsinmi, ẹ fi sílé. Ẹrù ìrìn-àjò, ẹ fi pamọ́ ní King's Cross tàbí Euston kí ẹ tó wá, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àǹtí mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á yẹ ara yín wò wẹ́rẹ́, ẹ ó fi fóònù kan ojú ẹ̀rọ, iná á yí sí àwọ̀ ewé, irin á sì yí pẹ̀lú yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ àlejò lẹ ń ṣe, tí àyè yín sì wà láàárín àwọn onílé, ẹ bo ẹ̀wù yín, kí ẹ má sì hó nígbà tí góòlù bá wọlé. Wọ́n máa ń lé èèyàn jáde nítorí rẹ̀. Ọtí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ ibi ìjókòó lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, àmọ́ òfin 1985 kò jẹ́ kí ẹ mu ún níbi tí ẹ ti ń rí pápá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹ de orí. Jíjókòó sójú kan fún wákàtí méjì nínú òtútù yàtọ̀ sí rírìn nínú rẹ̀.

Bí fèrè ìparí bá dún

60,704 ni àga tó wà nínú pápá yẹn. Bó bá kún, gbogbo wọn ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ba ọjọ́ wọn jẹ́. Wọ́n á sáré lọ sí ibùdókọ̀ Arsenal nítorí pé òun ló wà nítòsí, ọlọ́pàá á sì tò wọ́n sórí ìlà nínú òjò fún ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn á dìde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú kí èrò má baà ká wọn mọ́. Mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ ò rin irú ọ̀nà yẹn wá gbọ́ ariwo góòlù láti orí afárá.

Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú lọ. Tó bá tó bí ìdajì wákàtí, ẹ dìde, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ibùdókọ̀ tó kún. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ gba Holloway Road dé Highbury Corner, kí ẹ má dúró, kí ẹ bọ́ sí Upper Street tí ilé oúnjẹ kún fọ́fọ́, kí ẹ rìn ín títí dé Angel. Láti Highbury Corner sí Angel kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ọkọ̀ Northern tó ń lọ sí Bank àti London Bridge sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó wo bọ́ọ̀sì 43 tó ń gba ọ̀nà yẹn kan náà lọ sí London Bridge. Ó lè falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó wà ní ìjókòó.

Bọ́ọ̀lù alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ máa ń parí nígbà tí aago mẹ́wàá ń kàn. Ní alẹ́ Fúráìdè àti Sátidé, Victoria àti Piccadilly ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ọkàn yín balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ wo ọkọ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú mìíràn wá, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yín tó kẹ́yìn ti kúrò ní Euston kí ẹ tó débẹ̀, nítorí náà ẹ ti wá ibi tí ẹ ó sùn sílẹ̀ ṣáájú.

Àǹtí mi tún wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, a fi àpótí sílé, a sọ̀ ní Finsbury Park ní aago kan, a sì yà sí Avenell Road. Wọ́n dúró níwájú ilé funfun yẹn, wọ́n pe ọkọ wọn ní Ìbàdàn lórí fóònù, wọ́n ń yí ẹ̀rọ náà kiri kí bàbá rí gbogbo rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n sún mọ́ ilẹ̀kùn sí i. Wọ́n sún mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ìjókòó wa, àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń na ara lórí pápá.